Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ eríà, àwòrán tó mọ́ ò tíì tó gbowó lé

Okun o, ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ń gun páìpù kiri Kabba, Mopa, Isanlu, Egbe títí dé Iyara. Àwọn tó gba firídọ̀ọ̀mù lọ́dún yìí, mo kí yín kú oríire, mo rí fọ́tò yín, ankara yẹn gbayì. Àmọ́ mo tún ń rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe nínú ìlú, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ ń de eríà díkódà, páìpù tó ń gba sígínà tẹlifíṣọ̀n, bíi tayé àtijọ́, àwòrán bá ti jáde báyìí, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti nawọ́ gbowó, ọ̀kadà ti gbé yín lọ. Tó bá yá oníbàárà á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé "ọmọ yín ló ṣe é o", bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ọmọ ọ̀hún rí. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀kọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ẹni tó bá wù kó kà á.

Ẹ̀kọ́ kìíní. Analog, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, máa ń gba èèyàn láàyè, digital tó ń lo díkódà kì í gbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tá a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kó tó di 1991 tí wọ́n kó wa sí Kogi, Ilorin ni eríà bàbá mi kọjú sí, èmi ni wọ́n sì máa ń rán síta láti lọ yí páìpù. Wọ́n á máa pariwo láti pálọ̀, "ó kù díẹ̀, padà, padà, áà, ó ti lọ!" Tí sígínà ò bá dáa, ojú tẹlifíṣọ̀n á kàn máa hó ṣààà ni, òkè á dá sígínà padà, oníròyìn kan á di méjì, ohùn á há díẹ̀, a ó sì jókòó wò ó bẹ́ẹ̀ títí ìròyìn á fi parí.

Díkódà ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tó bá bá sígínà wọlé ló máa ń tún ṣe nínú kó tó gbé àwòrán síta, ìdí nìyẹn tí sígínà tó kù díẹ̀ kó lọ fi máa ń gbé àwòrán tó mọ́ rekete, kò ní yàtọ̀ sí ti ẹni tí ilé ẹ̀ wà nídìí máàsì, òpó tí wọ́n ti ń tan sígínà. Ẹ̀yin á rí i, ẹ á ní iṣẹ́ ti parí. Lọ́jọ́ tí àṣìṣe bá pọ̀ ju èyí tó lè tún ṣe lọ, àwòrán á gé kélekèle, ó di No Signal, ó tán.

Ẹ̀kọ́ kejì. Ẹ yé wo àwòrán, ẹ wọ menu díkódà lọ wo ibi tí wọ́n kọ Strength (bí sígínà ṣe lágbára tó) àti Quality (bí sígínà ṣe mọ́ tó) sí, kẹ́ ẹ sì gbójú lé Quality yẹn. Strength lè kún fọ́fọ́ kí Quality wà nílẹ̀. Àwọn kan nínú yín, tí Quality bá ti kéré, búsítà, ẹ̀rọ tó ń gbé sígínà sókè, ni wọ́n á sáré lọ rà, wọ́n á sì lọ so ó mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ariwo tó ti bá sígínà wọnú wáyà ni búsítà yẹn ń gbé sókè pẹ̀lú ẹ̀, kí lẹ wá ṣe? Tó bá jẹ́ dandan, òkè lórí páìpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eríà, ni búsítà ń gbé. Ibi tí èyí ti yé mi yékéyéké rèé, ẹ fara balẹ̀.

Lọ́dún 2018, kí ìdíje World Cup Rọ́ṣíà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan nílùú kan lábẹ́ òkè, kò jìnnà sí Isanlu, fẹ́ ṣí ilé ìwo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ta díkódà fún un, díkódà eríà o, kì í ṣe ti díìṣì, dílà ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ni, ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Ó na fóònù sí wa lójú, ó ní ẹ wò ó, gbogbo àdúgbò yìí ni àwọ̀ ewé bò, sígínà dé ibí dáadáa. Àwọ̀ ewé lórí máàpù, òkè lẹ́yìn ilé. Oṣù kejì ọdún ni, ẹ̀ẹ̀rùn gidi, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ìrókò àti àràbà tó wà láàárín ilé náà àti ọ̀nà tí sígínà ń gbà bọ̀ ti wọ́wé tán, ẹ̀ka lásán ló kù. Mo gun òkè, mo yí eríà, àwòrán jáde, ó mọ́. Mo wo Quality, ó ń lọ sókè ó ń lọ sódò. Mo sọ fún wọn níbẹ̀ pé páìpù yìí kúrú, ká fi ọ̀kan sí i, ká sì gbé e lọ sí igun kejì ọgbà níbi tí igi ò ti dí i. Dílà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá ẹ́ńjíníà, àwòrán mọ́ bí èyí ẹ ṣì ń wá páìpù, abi ẹ fẹ́ jẹ owó ọ̀gá wa ni? Ẹni tó fẹ́ náwó gbọ́ "jẹ owó", ó ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tí mo sọ.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Igi rúwé. Sígínà UHF, irú èyí tí eríà díkódà ń gbà, ò fẹ́ràn ewé tútù rárá, ewé tó bá rẹ sómi máa ń fa sígínà mu ni, àyè díẹ̀ tí Quality yẹn sì ní ti tán kó tó di oṣù kẹfà. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹfà, ọjọ́ Jímọ̀, Nàìjíríà àti Iceland, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án. Ilé bọ́ọ̀lù kún dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbowó, wọ́n ti ta mínírà, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ìdajì àkọ́kọ́, àwòrán ń gé, ó ń padà, wọ́n ń fara dà á. Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀, Victor Moses gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó gbé bọ́ọ̀lù wá sáàárín, Musa na ẹsẹ̀ láti gbà á, No Signal! Ilé ẹnì kan tó ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn wọn ni wọ́n ti gbọ́ "góòòlù!" Ẹ rò ó wò, ẹni tó sanwó wọlé wá wo bọ́ọ̀lù, rédíò aládùúgbò ló fi mọ̀ pé a ti gbá góòlù wọlé. Ìkejì tí Musa yí gólí po tó fi gbá a sáwọ̀n, wọn ò rí ìyẹn náà.

Wọ́n pè mí, mo gun ọ̀kadà débẹ̀, wọ́n ti ń gba owó wọn padà, àga ti fọ́. Èmi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Mo gun páìpù tútù yẹn báyìí, ọmọdé ń sọ̀rọ̀ sí mi láti ìsàlẹ̀. Mo pe dílà, fóònù ẹ̀ ò lọ. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ a máa ṣàìsàn kó tó kú, èyí tẹ́ ẹ gbé wá kàn ń kú ni." Ó dùn mí, àmọ́ kò sí tíkẹ́níìkà tó ṣàlàyé digital fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí dílà máa padà gbé fóònù, ó ní ìṣòro eríà ni, ẹni tó dè é ni kẹ́ ẹ mú. Ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn títí dòní. Owó ara mi ni mo fi ra páìpù kún un, a gbé e lọ sí igun kejì tí mo ti sọ látilẹ̀, Quality gòkè, kò mì. Nígbà tó di ọjọ́ 26 tí wọ́n gbá ti Argentina, àwòrán ò gé rárá, gbogbo wa la rí Rojo kedere bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Ẹnì kan ní kí n tètè yí eríà padà síbi tó wà.

Ẹ̀yin wá ń gba ọ̀rọ̀ dílà gbọ́. Dílà ń tajà ni o! Ìjọba fúnra wọn ti dá 17 oṣù kẹfà 2015 pé analog máa kú, ọjọ́ náà kọjá, Jos ni wọ́n kọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, Abuja tẹ̀ lé e, Ilorin àti Kaduna ní 2017, Èkó gan-an di 2021. Gbogbo àárín ìgbà yẹn, ẹ mọ iye ìyá tí wọ́n ta tẹlifíṣọ̀n fún pé "digital ni mà, ẹ ò nílò díkódà"? Sítíkà wà lára ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ DVB-T lásán, irú digital tó kọ́kọ́ jáde, ló wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ DVB-T2 tó dé lẹ́yìn ẹ̀ la ń lò ní Nàìjíríà, èyí tó jẹ́ T lásán ò lè ka T2. Mo ti rí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ tó dúró ti irú ọjà bẹ́ẹ̀ tó ń mi orí sí ọlọ́jà, torí wọ́n á fún un ní nǹkan. Ìyá yẹn, owó ẹ̀gẹ́ ló kó wá o. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ẹ̀kọ́ kẹta tí mo ṣèlérí, wáyà ni, kò gùn. Èyí tí wọ́n kọ 75 ohm sí lára ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má lọ́ wáyà méjì pọ̀ kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rá dì í, omi á wọ̀ ọ́. Ẹni tí ò bá ní míítà tí wọ́n fi ń wọn sígínà, ẹ wá yá tèmi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ ẹ máa fi fóònù dógò, torí ẹni tó yá a gbẹ̀yìn, Egbe ni mo ti lọ gbà á padà.