Ẹ kọ́kọ́ pa aṣọ náà láró kí ẹ tó ra iná: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí aṣọ eré tó ń tàn

Ẹni tó bá fẹ́ rán aṣọ fíìmù ọjọ́ iwájú, irú èyí tí ìlà iná ń tàn lára rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta iná ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Èmi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gba ọ̀dọ̀ aláàdìrẹ ná. Télọ̀ ni mí ní Abẹ́òkúta níbí, àbúrò mi ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi fóònù ya fíìmù kéékèèké. Wọ́n ní kí n bá àwọn rán aṣọ ẹni tó jáde wá láti inú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ mi pé ìlà tó gún láàárín dúdú tó dú dáadáa ni ojú ń wá nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Bí dúdú náà kò bá dú dọ́gba, kò sí iná tó lè bá a tún un ṣe.

Tron, fíìmù Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1982, ni àbúrò mi fi hàn mí. Iná kankan kò sí lára àwọn òṣèré yẹn nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n. Ìlà lásán ni wọ́n fà sára aṣọ wọn; ẹ̀yìn tí wọ́n ya àwòrán tán ni wọ́n tó tan iná gba ẹ̀yìn àwòrán náà kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìlà yẹn lè máa dán. Èyí tó tẹ̀lé e ní 2010 ni wọ́n wá fi iná sínú aṣọ gan-an. Ìlà ló ṣáájú, àní nílùú tí owó pọ̀ sí.

Mo wá mú aṣọ òwú funfun lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta. Èrò ọkàn mi ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rì í bọ aró, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ wù mí. Ìyá tó ń bá mi rẹ aṣọ ló ní: "Ọmọ mi, ẹlẹ́kọ kò ní bá ẹ ṣe èyí. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ̀kọ ń dì, aró á gba ẹ̀yìn wọ ibẹ̀. Àbẹ́là ni kó o jẹ́ ká lò." Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà, bí ẹ ṣe wí náà ni ká ṣe é." Àbẹ́là tí wọ́n bá yọ́ kùn sórí aṣọ máa ń mu wọ inú òwú já sí ẹ̀yìn, nítorí náà ìlà náà á funfun níwá-lẹ́yìn, iná á sì ráyè kọjá. Lẹ́yìn tí aró bá ti mú, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ àbẹ́là náà kúrò. Níbi tí àbẹ́là bá ti sán, aró á wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ìtàkùn. Àwọn kan ní kí n sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kó sán. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, torí nígbà tí iná bá tàn, ìsán wẹ́wẹ́ yẹn ni ẹ̀mí aṣọ náà. Ẹ ní kí wọ́n fi rúlà fa ìlà náà, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kí wọ́n sì rì í bọ aró dúdú léraléra.

Ní ti iná, èyí tó wà lára ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn, tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé náà sì ń lò, ni mo lò. Volt 12 ló ń lò. Wáyà oníná, èyí tó rí bí okùn tó ń dán, wà pẹ̀lú, kì í sì í fi ojú gílóòbù hàn rárá, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó ń gbé iná fún un máa ń han gooro, ohùn yẹn á sì wọ inú fíìmù yín. Nínú àwọn ọ̀já náà, ẹ má ra èyí tó ní gílóòbù 60 nínú mítà kan. Àlàfo wọn jìn, aṣọ yóò máa tàn tó-tò-tó. Èyí tó ní 120 ni kí ẹ rà. Ẹ gé fóòmù tí àwọn oníbàtà fi ń ṣe sílípáàsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí aṣọ má fara kan gílóòbù. Láínínì dúdú ni kí ẹ fi tẹ́ inú, kí ẹ gé ojú ìlà nìkan sílẹ̀, nítorí iná á máa yọ́ jáde lára dúdú tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀já yìí ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, kì í yí sí ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi gba orí ìgúnpá tàbí orúnkún. Ẹ gé e níbi àmì bàbà, kí ẹ fi wáyà tó ní òwú bàbà wẹ́wẹ́ púpọ̀ nínú so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà náà dẹ̀ níbi oríkèé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ lè jókòó, kó sì lè sáré.

Bátìrì ni ibi tí mo ti ń bẹ ẹnikẹ́ni kó má ṣe wàdùwàdù. Ọ̀já 120 yẹn máa ń jẹ tó amp 0.8 lórí mítà kan. Mítà méjì àbọ̀ á jẹ amp 2. Bátìrì lithium 18650 mẹ́ta tí a tò tẹ̀léra, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mAh 2000 (ìyẹn amp 2 fún wákàtí kan), á gbé e fún bíi wákàtí kan. Ẹ ra èyí tó ní pátákó ààbò lára, ìyẹn èyí tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù. Bọ̀dá tó ń ṣe iná mọ́tò ládùúgbò wa ló kọ́ mi pé ẹ̀gbẹ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì gan-an ni fíùsì ń wà, kì í ṣe nítòsí súìsì. Fíùsì amp 3 tó. Ọmọ ènìyàn ló máa wọ aṣọ yìí, bí wáyà bá sì kan ara wọn níbi tí fíùsì kò sí, iná lè ràn mọ́ aṣọ náà lára ẹni. Àpò lára bẹ́líìtì, ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ni mo rán fún bátìrì, kó má baà wà níbi tí ẹni tó wọ aṣọ yóò ti ṣubú lé e, kí onítọ̀hún sì lè fà á yọ kíá. Ẹ má ṣáájì bátìrì náà nígbà tó ṣì wà lára ènìyàn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà á, ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ dára ju òru ṣíṣú lọ: ẹ ó ṣì rí àwọ̀ ojú ọ̀run àti àpáta lẹ́yìn rẹ̀, iná náà á sì yọ. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà fóònù ń gbà dúró sójú kan, kó má máa gbé e sókè fúnra rẹ̀. Ẹ má fi rìmóòtù dín iná náà kù, torí ṣe ló máa ń tan án pa á tan án pa á kíákíá, kámẹ́rà á sì rí i bí ìlà dúdú tó ń kọjá.

Gbogbo iná náà ni mo fi velcro mú, kí ó lè tú kúrò. Òógùn pọ̀ nínú ooru tiwa yìí, aṣọ náà yóò sì fẹ́ fífọ̀. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi omi afọṣọ-funfun sí i, kí ẹ sì sá a sí ibòji, nítorí oòrùn á jẹ dúdú rẹ̀.