Omi Tanímọ̀la

Sátidé, Ẹ̀pẹ́.

Àárọ̀ yìí la sin Tanímọ̀la sí ẹ̀yìnkùlé, nídìí igi àgbọn. Èmi àti àbúrò mi la gbẹ́ ilẹ̀ náà títí ó fi mù mí dé itan, kí ajá míì má baà hú u. Àpò ìrẹsì la fi wé e. Ajá tó jẹ́ pé bó bá fò mọ́ èèyàn, onítọ̀hún á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e.

Ọdún 2011 ni bàbá wa gbé e wálé nínú páálí ọṣẹ, látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣọdẹ. Inú bí Màmá. Àlhájà ni wọ́n, wọn ò fẹ́ kí ajá sún mọ́ ẹní ìkírun wọn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé, abọ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan abọ́ wa. Síbẹ̀, àwọn náà ló ń kó orí ẹja bọ̀ fún un láti ọjà Olúwo lálaalẹ́. Orí òbòkun ló fẹ́ràn jù. Ọjọ́ ọdún Káyòkáyò nìkan ló máa ń rú òfin: bí ìlù bá ti ń dún, tí àwa ará Ẹ̀pẹ́ ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbí lọ́dún 1851, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá lẹ ó ti bá a, á máa gbọ̀n. Wọn kì í lé e jáde.

Òǹgbẹ la fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Á lá omi inú abọ́ gbẹ, á tún lọ dúró ti kànga, á máa wò wá. Dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kíndìnrín ló ti daṣẹ́ sílẹ̀. Omi tó ń mu ò dúró lára rẹ̀, ìtọ̀ ló ń bá lọ. Bẹ́ẹ̀, èmi ti fi ìgbálẹ̀ lé e nítorí ìtọ̀ tó tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kàn wò mí ni, ó rọra lọ. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Lálẹ́ àná, kò lè gbórí mọ́. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi ṣíbí ro omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Omi náà ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sára ìró wọn. Mo ní, "Màmá, itọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ọkùnrin kan wọ inú kànga lọ, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ, Ọlọ́run sì dárí jì í. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ níbi wáàsí ni? Itọ́ ṣeé fọ̀."

Wọn ò dìde títí tó fi dákẹ́.

Ará ilé kejì ní ajá lásán ni, ká wá òmíràn. Ó fẹ́ tù wá nínú ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́fà tí bàbá wa ti lọ, bí mo bá sì súfèé bí wọ́n ṣe máa ń súfèé, Tanímọ̀la nìkan ló máa ń sáré dìde nínú ilé yìí. Ta ni mo fẹ́ súfèé yẹn fún báyìí?

Ní ìdájí, Màmá fa omi àlùwàlá. Wọ́n bu díẹ̀ sínú abọ́ rẹ̀ bí ìṣe wọn, kí wọ́n tó rántí. Abọ́ náà ṣì wà nídìí kànga. Kò sẹ́ni tó da omi inú rẹ̀ nù. Àwọn adìyẹ ló ń mu ún.