Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Ṣàìsàn Lójú Oníṣègùn

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú pátápátá, kó máa dúpẹ́. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí: kó wá owó, kó ra òmíràn. Èyí tó ń kú, tó tún ń jí, ni kí Ọlọ́run má fi dán wa wò. Tèmi á tàn láàárọ̀, ara rẹ̀ á yá gágá, á bá mi ṣiṣẹ́ títí dé ibi tí iṣẹ́ ti ń dùn. Páù! Ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn. Kò kìlọ̀, kò dágbére. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún tan ara rẹ̀ padà, á wá máa bi mí ní ọ̀rọ̀ aṣínà bíi pé a ò ríra rí.

Iṣẹ́ títẹ̀ ni mò ń ṣe nínú pálọ̀ mi ní Tanke. Àwọn ọmọ Unilorin ń gbé prójẹ́ẹ̀tì wá, àwọn tó fẹ́ gbéyàwó ń gbé káàdì wá. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin á mọ̀ pé iṣẹ́ káàdì wòlímọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú kékeré wò. Orúkọ àwọn àáfà gbọ́dọ̀ tò bó ṣe yẹ kó tò: ta ló ṣíwájú, ta ló tẹ̀ lé e, ta ni ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ pè ní "Alhaji" lásán nígbà tó jẹ́ pé "Sheikh" ni. Alhaji kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ń kà á fún mi lẹ́nu, mò ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ Sheikh kan ló kù ká parí. Wọ́n pè é tán, páù.

Mo gbé ọwọ́ lérí. Mo ní, "Alhaji, ó ti kú."

Wọ́n fò dìde. "Ìnnà lillàhi! Sheikh? Ta ló pè ọ́?"

Kí n tó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ni, wọ́n ti fa fóònù yọ lápò. Nígbà tí ọkàn wọn wálẹ̀, a tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àáfà tó wà nípò kejì tẹ́lẹ̀ ti bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àáfà Ìlọrin, kì í ṣe ẹnu onítẹ̀wé ni wọ́n ti ń yanjú ẹ̀.

Àsìkò ọyẹ́ ni gbogbo èyí. Màmá mi ti ti Òmù-Àrán wá wo àwọn ọmọ. Eruku tó ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ nígbà ọyẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n ti gbálẹ̀ ilé láàárọ̀. Ẹ gbá pálọ̀ tán, kẹ́ ẹ tó dá ìgbálẹ̀ padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ ti lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí tábìlì. Ọjọ́ tí Màmá dé ni wọ́n ti rí àpótí kọ̀ǹpútà náà lábẹ́ tábìlì. (CPU ni gbogbo wa ń pe àpótí yẹn, bẹ́ẹ̀ ègé kékeré kan tó wà nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.) Wọ́n ní, "Àkànní, nǹkan olówó ńlá báyìí lo fi sílẹ̀ níhòòhò nínú ọyẹ́?"

Wọ́n fa ìyókù aṣọ ẹbí kan yọ, léèsì aláwọ̀ ewé. Wọ́n fi àkísà aṣọ òfì ṣe inú ẹ̀ kó lè nípọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí etí ẹ̀. Ó bá àpótí náà mu rẹ́gí, iwájú, ẹ̀yìn, òkè, ẹ̀gbẹ́. Wáyà nìkan ló ríbi yọ. Gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ló ń yìn ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Mo pe Ẹnjinníà, ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Táíwò. Ó mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ìborí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ká a sórí àga nítorí Màmá tó wà níjòókòó, ó tú ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó tàn án. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó fi fídíò sí i, ó ń ṣiṣẹ́. Ó jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ò ṣe é o." Ó dé àpótí padà, ó gba owó ọkọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Màmá wọ aṣọ fún kọ̀ǹpútà padà. Kò pé wákàtí kan, páù.

Ó tún wá. Ó ní iná àdúgbò wa ni, pé lálẹ́ tí gbogbo ilé bá ti tan fìríìsà, iná ò ní lágbára mọ́. Mo ra sítábíláísà. Abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀ dúró lórí 220 láìmì, kọ̀ǹpútà ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó yọ RAM, ègé pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi iréésà ọmọ mi pa etí ẹ̀ tó ń dán. Òótọ́ ni pé ìyẹn máa ń wo òmíràn sàn. Kò wo tèmi sàn. Ó wá kọjú sí Windows. Ó ní ṣebí láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, kí ni mo retí? Mo ní àtúnṣe ààbò ni wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni wá máa pa ẹ̀rọ lórí mi. Ó ṣì fi Windows tuntun sí i. Ó ṣí àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń kọ ohun tójú ẹ̀ rí, ohun kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: Kernel-Power 41. Ó ní ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà tún tàn láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á bó ṣe yẹ. Mo ní ìyẹn náà ni mo pè é wá sọ fún. Alhaji oníwòlímọ̀ pàápàá mọ̀yẹn. Ohun tó ń yà á lẹ́nu jù ni pé kò mú ojú búlúù wá rí, èyí tí Windows máa ń gbé jáde tí nǹkan bá dà á rú pátápátá. Ó ní ká ní ojú búlúù ni, ì bá fi nǹkan tó ṣe é sílẹ̀ lákọsílẹ̀.

Àlàyé tí Màmá ní tiwọn mọ́gbọ́n dání jùyẹn lọ. "Tí ọmọ yìí bá wà níbí, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá lọ, ó ń kú. Kí lo fẹ́ kí n pe ìyẹn?" Alhaja tó ń gbé lẹ́yìn ilé ní ká bu hàntú wọ́n ọn lára. Mo bẹ̀ wọ́n pé omi kankan, bó ti wù kó lágbára tó, kó má ṣe sún mọ́ ọn.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Ẹnjinníà ní iṣẹ́ kan ní Òkè-Odò, ó bá yà wò wá láìjẹ́ pé mo pè é. Mo ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì ẹnì kan. Màmá jókòó sórí àpótí ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ife ògì gbígbóná lọ́wọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí léèsì.

"Ẹ kú ọyẹ́, Màmá. Ṣé òtútù ò mú yín níbẹ̀ yẹn?"

"Òtútù kẹ̀? Nǹkan yìí ń mú ẹsẹ̀ mi móoru. Tí Àkànní bá ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, kì í pẹ́ tó fi ń gbóná. Ibẹ̀ ni mò ń gbé ẹsẹ̀ lé láràárọ̀. Làkúrègbé mi ò tilẹ̀ yọ mí lẹ́nu mọ́."

Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, ó fà á yọ kíá. Ó tẹ nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan jáde: 97. Ó ní ooru inú ẹ̀ nìyẹn, pé omi ń hó ní 100. Tí ẹ̀rọ bá ti gbóná dé ibẹ̀ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń pa ara ẹ̀ kó má bàa jóná, kò sì ní ráyè kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀. Ó bọ́ aṣọ kúrò lára ẹ̀. Nọ́ńbà náà di 90. Ó di 81. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Nígbà tó di 54, Màmá ní, "Háà. Ó ti tutù."

Ó gbé e bọ́ síta, ó fẹ́ eruku inú ẹ̀ títí àwọn aládùúgbò fi ń wúkọ́, ó pààrọ̀ ìpara funfun tó wà láàárín CPU gidi àti irin tó ń gba ooru lára ẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbẹ. Fọ́nrán òwú kan ló wé mọ́ ìdí fáànù. Ó fi ẹ̀mú fà á jáde, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé ni.

Ó wá sọ iye tóun máa gbà. Mo ti ń nawọ́ sápò nígbà tí Màmá ní ká dúró ná.

"Ẹnjinníà, ọmọ mi. Látọjọ́ tó o ti ń wá, ta ló rí àìsàn náà?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Kí ni mo fi rí i?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ yín ni, Màmá."

"Ó dáa. Ẹsẹ̀ mi náà á gbowó."

Ó rò pé àwàdà ni. Màmá na ọwọ́, wọn ò sì fà á padà. Mo sanwó fún un, ó ka tiwọn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìborí léèsì náà nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku ara ẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n wá bi í bóyá òun náà ní kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tí ọyẹ́ ń dà láàmú.