Ekòló tí kò kú

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìdí àyẹ̀wò ilẹ̀, níbi tí a ti ń fi ekòló mọ̀ bóyá májèlé wà nínú ilẹ̀, bí ekòló yín kò bá kú, ẹ má tíì yọ̀.

Ilẹ̀ ibi tí wọ́n máa ń da èérún bátìrì ọkọ̀ sí ni mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo kó ekòló 10 sínú ike kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ti ní ìgbànú lára, ìyẹn ibi tó wú yí ara wọn ká, tó fi hàn pé àgbà ni wọ́n. Lọ́jọ́ 14 mo da ike síta, mo kà wọ́n, wọ́n pé. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjé tó ti ara bátìrì wọ inú ilẹ̀ yẹn kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀gá mi ní kí n lọ tún un bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń fún wọn ní ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ jẹ. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 4, mo ṣa àwọn àgbà kúrò, mo fi ẹyin wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 mìíràn. Ẹyin ekòló pọ́n bí oyin, kò sì gùn tó hóró ìrẹsì. Mo wá gbé ike sínú omi tó gbóná tó 50 sí 60°C, kí ooru lè lé àwọn ọmọ jáde. Nínú ilẹ̀ tó mọ́, ńṣe ni àwọn ọmọ ń rá jáde bí òwú funfun. Nínú ike ilẹ̀ tó mọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ tó 30 ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yẹn kò ṣe é gbà. Nínú ilẹ̀ bátìrì, ìka ọwọ́ kan ni mo fi kà wọ́n. Àwọn àgbà tó wà láàyè ló ti ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí!

Síbẹ̀, ṣé òjé nìkan ló jẹ̀bi? Bátìrì ní ásíìdì nínú. Ilẹ̀ kíkan fúnra rẹ̀ ń ni ekòló lára, ó sì tún ń tú òjé kúrò lára amọ̀ sínú omi ilẹ̀. Ó yẹ kí n ti ní ike kan tó jẹ́ ilẹ̀ tó mọ́, tí mo mú kí ó kan bíi ti ilẹ̀ bátìrì. N kò ní in. Oṣù 2 gbáko lọ.

Ẹ̀yin tó ń po iyọ̀ òjé mọ́ ilẹ̀ fúnra yín náà, ẹ fiyè sí i: òjé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ ń bunijẹ ju èyí tó ti bá ilẹ̀ gbé lọ́pọ̀ ọdún lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sinmi nínú ilẹ̀. Ẹ wọn pH, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, lọ́jọ́ tí ekòló bá wọlé, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde.