Ìka tó bá kú kì í mọ̀ pé òun ṣì ń tẹ bọ́tìnnì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan tó kù díẹ̀ kó gba fúrídọ̀ọ̀mù dìde lẹ́nu kọ̀ǹpútà, ó ń gbọn ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Àǹtí, kò sí nǹkan kan o, ó kàn kú ni." Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ ní ọdún 2014 gan-an nìyẹn. Mo ní kó pa kọ̀ǹpútà kó wá jókòó. Ohun tí mo sọ fún un nípa máòsì àti ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe gíráfíìkì n'Ílọrin, tí ẹ ń tẹ púrójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke, tí ẹ ń to ìwé ìpè wòlímọ̀ mọ́jú.

Èkíní, ẹ ní máòsì tiyín. Bàbá mi ń hun aṣọ òfì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè jọ jẹun nínú àwo kan, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní ọkọ̀ tirẹ̀, igi kékeré tí wọ́n ń jù gba àárín òwú. Èyí tó bá ọwọ́ àgbà mu kò lè bá ọwọ́ ọmọdé mu, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Máòsì àkọ́kọ́ pàápàá, igi ni. Douglas Engelbart ló ronú rẹ̀ ní California, Bill English sì bá a ṣe é ní 1964: àpótí igi kan, kẹ̀kẹ́ méjì lábẹ́, bọ́tìnnì kan lórí. Ohun èlò ọwọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ẹ gbé ọwọ́ lé e kí ẹ tó sanwó. Kí àtẹ́lẹwọ́ sinmi lórí rẹ̀, kí ìka na díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ má tẹ̀ sókè, kó má sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka lẹ fi ń há a mú, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ó kéré fún yín.

Ó ṣì ku àwọn nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní ka ìkankan sí bí mi ò bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìparí ọdún 2014 ni. Ìbò 2015 ń bọ̀, pósítà olóṣèlú kúnlẹ̀, kálẹ́ńdà ọdún tuntun tún dé lé e lórí. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, iná kì í sí lọ́sàn-án. Tó bá dé lálẹ́, a ò ní dìde títí àsùbáà, torí ọ̀gá ò fẹ́ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Máòsì tó rà fún mi kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, irú èyí tí wọ́n ṣe kó lè wọ àpò ẹni tó ń rìnrìn-àjò.

Láti oṣù kẹwàá ni ọwọ́ náà ti ń bá mi wí. Òru ló máa ń jí mi. Àtàńpàkò, ìlábẹ̀ àti ìka àárín á máa ta mí bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn, ọmọńdinrín nìkan ni ara rẹ̀ yá. Bí mo bá gbọn ọwọ́, á lọ. Nígbà tó yá, mi ò lè fún aṣọ tí mo fọ̀ mọ́. Mi ò lè ro tùwó. Bí mo bá forí kanlẹ̀ nídìí ìrun, ìkúùkù ni mo fi ń ti ilẹ̀ dìde. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní ọ̀lẹ ni mí, pé ìyá òun fi ọlọ lọ ata fún ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ò kú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ata a máa kúná, ìyá náà á sì dìde. Iṣẹ́ tiwa kì í kúná. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi, inú mi ò sì tíì yọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ àdíníì kan wá gbé kálẹ́ńdà ẹgbẹ̀rún kan fún wa. Wọ́n ní ká fi òrùka pupa yí ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ká, Sátidé, ọjọ́ wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé kéwú wọn. Mo ṣe é, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa. Lóru tó yẹ kó lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tún un ṣí láti ṣàtúnṣe nọ́ńbà fóònù kan. Ìlábẹ̀ mi ti kú láti bí aago kan. Mo tẹ òrùka náà láìfẹ́, mo sì rò pé mo ti gbé ìka kúrò. Mi ò tíì gbé e. Ìka tó bá ti kú kò mọ̀ bóyá òun wà lókè tàbí òun wà nílẹ̀. Bí mo ṣe fa ọwọ́ sísàlẹ̀, òrùka bá mi lọ, snap tí mo tàn sílẹ̀, èyí tó máa ń fa nǹkan lẹ̀ mọ́ ojú ìlà, gbá a mú, ó jókòó rẹ́gírẹ́gí sórí 15. Sátidé ni 15 náà. Bó bá wọ́ díẹ̀ ni, ojú ì bá rí i.

Ẹgbẹ̀rún kan ló jáde. Wọ́n ti pín lára rẹ̀ kí àáfà kan tó kíyè sí i. Wọ́n kó ìyókù padà, wọ́n dà á sílẹ̀ níwájú èrò. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, mi ò sá fún un. Ó yẹ kí n ti òrùka yẹn pa pẹ̀lú Lock, tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣípò, kí n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ni ọ̀gá fi yọ owó bébà àti íńkì nínú owó mi, kò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ọwọ́ ọ̀hún ńkọ́.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó rí dókítà, lẹ́yìn òrí, lẹ́yìn àdí, lẹ́yìn bàbá tó ń to egungun. Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì síra, kí n tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kò tó ìdajì tí ìka fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó ṣàlàyé pé ihò tóóró kan wà ní ọrùn ọwọ́, tí iṣan mẹ́sàn-án tó ń fa ìka ń gbà kọjá, tí iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo sì há sáàárín wọn. Bí àwọn mẹ́sàn-án bá wú, tàbí tí ọrùn ọwọ́ bá pẹ́ ní títẹ̀, ẹyọ kan yẹn ni wọ́n ń fún mọ́lẹ̀. Ọmọńdinrín gba ọ̀nà mìíràn, ìdí nìyẹn tí kò fi kú. Dókítà kò kó gbogbo ẹ̀bi lé máòsì lórí. Ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bi mí bóyá mo lóyún, torí àwọn náà a máa fà á. Ó fún mi ní ohun tí mo ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ sùn kó lè gún. Ó ní bí mo bá tún pẹ́ sí i, ẹran ìdí àtàńpàkò lè gbẹ, ọ̀rọ̀ á sì di ti iṣẹ́ abẹ.

Ọwọ́ òsì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹ lọ sí Settings, ẹ yí bọ́tìnnì padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàájì kan tó gbé iṣẹ́ wá bínú pé òsì ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ òun. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, mo sì fi ọ̀tún gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ má torí ojú ènìyàn ba ọwọ́ jẹ́. Òsì tún ní àǹfààní kan: bọ́tìnnì nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù kò ní ti máòsì jìnnà mọ́, èjìká á sinmi.

Nígbà tí mo dá dúró, máòsì tó dúró lóòró ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tí ọwọ́ ń wà lórí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ ènìyàn lọ́wọ́. Apá mi fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ méjì mi ò lè fi gbá nǹkan kékeré ojú kọ̀ǹpútà mú dáadáa. Ẹ ní sùúrù fún un. Trackball ni mo fi ń to ojú ìwé: ojú kan ló máa ń wà, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ nìkan lẹ ó máa yí. Ẹni tó ń fi àtàńpàkò tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má ra irú èyí tí àtàńpàkò ń yí. Kó ra èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà láàárín, tí ìka yòókù ń yí. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, láti ìgúnpá ni kí ẹ ti máa sún un, kí ọrùn ọwọ́ má máa dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ jẹ́ kí Ctrl+D, tó ń ṣe ẹ̀dà nǹkan nínú CorelDRAW, àti bọ́tìnnì ọfà orí kíbọ́ọ̀dù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ máòsì. Tí iná bá sì dé lóru, ẹ dìde láàárín, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Iná á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ọmọ tó bá ní ọwọ́ òun ń kú, ẹ má pè é lọ́lẹ.

Ọmọ iṣẹ́ mi gbé ọwọ́ lé máòsì mẹ́ta, ìkẹta ló bá a mu, ó sì ti gbé e lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀ ń lọ rí dókítà. Méjì tó kù wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀ kó kọ́kọ́ wá gbé ọwọ́ lé wọn wò, mi ò ní gba kọ́bọ̀.