Ìrọ̀rí Mẹ́rin Tí Màmá Kì

Bí ẹ bá bá télọ̀ níbi tó ti ń fi abẹ tú ìrọ̀rí lóru, ẹ má tíì pè é ní wèrè. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ẹ̀pẹ́ dé.

Lọ́nà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí, ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ. Ìró àti bùbá, gáùn, aṣọ ọmọ iléèwé, èyí tó bá dé ni màá rán. Oníbàárà mi kan tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ló gbé iṣẹ́ àràmàǹdà kan dé. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, ó wá ní kí n bá òun fi aṣọ ìyá náà rán quilt, aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí wọ́n máa ń fi sùúrù rán lọ́hùn-ún. Àbúrò rẹ̀ kó ẹrù náà wá fún mi: ańkárá oríṣiríṣi, àdìrẹ aláró, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí ìyàwó ọjọ́ náà ti di ìyá àgbà báyìí. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí èèyàn lè rí rà lọ́jà mọ́.

Sampler ló fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú quilt mìíràn, bátánì kan ṣoṣo lẹ lè rán láti òkè dé ilẹ̀. Sampler ò rí bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù 12 ni tèmi, ìyẹn onígun mẹ́rin aṣọ tí ẹ máa fi ègé wẹ́wẹ́ rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì dá bátánì tirẹ̀ ní: Nine Patch, Ohio Star, Churn Dash, Sawtooth Star, Log Cabin, àti àwọn yòókù tí orúkọ wọn ń kọ́ mi láhọ́n. Búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12½ nígbà tí ẹ bá rán an tán, kó lè ku 12 lẹ́yìn tí ẹ bá so ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí íǹṣì ¼ ni ojú ìrán ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwa tó ti mọ́ lára láti máa fi íǹṣì kan gbáko pa mọ́ sínú bùbá, nítorí oníbàárà tó lè sanra lọ́dún tó ń bọ̀, ¼ yẹn máa ń kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹni tó ń rán bùbá kì í ṣi ègé mú. Apá ò lè jọ ọrùn láéláé. Kódà bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ọwọ́ á mọ èwo ni èwo. Ègé sampler ńkọ́? Onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́. Onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, tẹ́ẹ́rẹ́. Ohio Star nìkan gba ègé 21, Sawtooth Star gba 17. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra abọ́ ike pẹrẹsẹ 12: búlọ́ọ̀kù kan, abọ́ kan. Mo kọ lẹ́tà sára bébà pélébé-pélébé, mo fi píìnì gún un mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan. A, B, D, E, Ẹ, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bátánì ọ̀hún ní C, ó tiẹ̀ ní Q pàápàá. Ìyẹn ò kàn mí.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá dé. Wọ́n gba ọ̀nà Ìtòikin wá, tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan láti ọjà Olúwo, àti àgbébọ̀ adìyẹ kan tó ń fi ojú burúkú wo gbogbo wa. Màmá ò mọ ìjókòó lásán. Omi tí mo gbé fún wọn, wọn ò tíì mu ún dé ìdajì tí wọ́n fi ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe. Ni ojú wọn bá bọ́ sórí tábìlì.

“Ìyá Ìbejì, kí ni gbogbo ìrépé yìí?”

“Iṣẹ́ ni, Màmá. Aṣọ ìbora ni mo fẹ́ fi rán.”

Wọ́n mú ègé kan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. “Aṣọ odindi lo gé wẹ́wẹ́ báyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“O sì tún fẹ́ rán an padà kó di odindi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Kí ló wá ṣe é nígbà tó wà lódindi?”

Èsì ìbéèrè yẹn, mo ṣì ń wá a. Wọ́n gbé ègé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Àbí ẹ̀kú eégún ni wọ́n ní kí o rán? Má fi pa mọ́ fún mi o. Ilé Àlàájì la ti bí ọkọ rẹ.”

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Sábó lọ ra òwú, àti fómù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí màá tẹ́ sáàárín aṣọ òkè àti aṣọ ìsàlẹ̀. Òjò ká mi mọ́ ọjà. Ìgbà tí màá fi délé, ilé ti mọ́ tónítóní. Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá ń tọ́ ìbejì mọ̀ pé ilé kì í ṣàdédé mọ́.

Mo yọjú sí kíṣìnnì. Wọ́n ti fọ àwọn abọ́ mi, wọ́n ti dojú wọn dé, àfi àwọn tí wọ́n to ẹja sí. Píìnì mi wà nínú agolo mílíìkì, wọ́n fi ọ̀rá dé e pinpin kó má baà gún ọmọ. Bébà tí mo kọ lẹ́tà sí ńkọ́? Wọ́n ti fi ko iná èédú.

“Màmá, àwọn ègé aṣọ inú abọ́ yẹn dà?”

“Mo ti bá ọ palẹ̀ wọn mọ́. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó lè kí mi kú iṣẹ́ nínú ilé yìí.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ibo lẹ palẹ̀ wọn mọ́ sí?”

“Inú ìrọ̀rí.”

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi. Ibi tí ìrépé télọ̀ ń lọ nìyẹn tipẹ́tipẹ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ṣì máa ń wá kó tèmi ní àpò-àpò, kí wọ́n lọ kì í sí ìrọ̀rí tà. Màmá rí ìrépé, wọ́n rí ìrọ̀rí àwọn ọmọ tó ti pẹlẹbẹ, wọ́n fi ọ̀kan wo èkejì sàn. Mẹ́rin ni wọ́n kì. Ti Táyé, ti Kẹ́hìndé, ti bàbá wọn. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi pa ẹnu rẹ̀ dé, ojú ìrán náà sì sún mọ́ra débi pé mi ò rí ibi tí abẹ máa gbà wọlé. Mo ní ọmọ iṣẹ́ tí ò lè rán irú ẹ̀.

“Ẹ̀kẹrin dà, Màmá?”

“Mo fi ta Bàbá Lánlọ́ọ̀dù lọ́rẹ. Wọ́n ní ọrùn ń dùn wọ́n.”

“Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yẹn náà wà nínú rẹ̀?”

“Ìyẹn? Ìyẹn ń lọ́ mọ́ra, kò ṣe é kì. Mo fi di nǹkan.”

Log Cabin mi nìyẹn. Onígun mẹ́rin kékeré kan ló máa ń wà láàárín rẹ̀, pupa ni ọ̀pọ̀ ń fi síbẹ̀, wọ́n ní iná ààrò ilé ni. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ á wá máa yí i ká, wọ́n á máa gùn sí i bí wọ́n ṣe ń lọ síta. Gígùn tó yàtọ̀ síra yìí gan-an ló wu Màmá. Èyí tó kúrú di ẹnu ọ̀rá gààrí. Èyí tó gùn díẹ̀ di ìdí ìgbálẹ̀. Òmíràn fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn wé ọwọ́ kẹ́tùlù. Àwọn tó gùn jù, àdìrẹ aláró tí mo dá fọ̀ lọ́tọ̀ kí aró rẹ̀ má baà ran aṣọ funfun, wọ́n so mẹ́ta nínú wọn pọ̀, wọ́n fi de ẹsẹ̀ àgbébọ̀ mọ́ ìdí igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé.

Mo lóṣòó tì í. Ó fi ojú kan wò mí. Bí mo bá ti na ọwọ́ sí kókó ìdè, á fi ẹnu gún mi lọ́mọ ìka. Bí mo bá fà sẹ́yìn, á máa wo ibòmíràn bíi pé kò mọ̀ mí rí. Mo ti tú kókó kan tán nígbà tí Màmá yọrí lójú fèrèsé: “Ìyá Ìbejì, má jẹ́ kó lọ o! Ọbẹ̀ ọ̀la ni!”

Ìrọ̀rí ló kù. Ọkọ mi na tirẹ̀ sí mi láìsọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá rẹ̀ kì í bá a nílé. Táyé gbé tirẹ̀ wá. Kẹ́hìndé ní Màmá Ẹ̀pẹ́ ló fún òun, pé kì í ṣe èmi. Mo dúró títí ó fi sùn, mo wá ń yọ ọ́ lábẹ́ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ìró tí mo ká rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n ti kírun Ìṣáà tán kí n tó kan ilẹ̀kùn Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Ojú wọn tàn nígbà tí wọ́n rí mi.

“Ìyá Ìbejì! Owó ilé ti dé nìyẹn!”

“Rárá o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí ni mo bá wá.”

“Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ kú inúure o.”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ dákun, Bàbá, mo fẹ́ gbà á padà ni.”

Wọ́n wò mí títí. “Ọrẹ ọ̀sán lo wá gbà lálẹ́? Bí o bá ń yára san owó ilé báyìí ni, ǹ bá ti kọ́ ilé kejì.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Aṣọ inú rẹ̀ ni. Aṣọ màmá kan tó ti ṣaláìsí...”

Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ọrùn ń dùn láti àárọ̀ fò wọ yàrá, ìrọ̀rí sì gba orí mi kọjá, ó kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, ó ya fàà. Ohun tí abẹ mi ò lè ṣe, ìṣó ṣe é. Ìrépé fọ́n kálẹ̀ láti pálọ̀ dé kọ́rídọ̀. “Aṣọ òkú! Aṣọ òkú lẹ fi rọ mí lórí láti ọ̀sán!” Omi ni mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń bu ú sórí. Mo ṣa tèmi, mo sá.

Mo tẹ́ ẹní, mo da gbogbo rẹ̀ jọ. Kò sí lẹ́tà, kò sí abọ́. Onígun mẹ́rin íǹṣì 4½ ò yọ mí lẹ́nu: Nine Patch, Ohio Star àti Churn Dash, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò, àwọ̀ nìkan ni mo ní láti rántí. Onígun mẹ́ta ló fi ojú mi rí màbo. Onígun mẹ́ta kékeré ti Sawtooth Star, ẹ máa gé onígun mẹ́rin 3⅞ sí méjì láti igun dé igun. Ti Ohio Star, ẹ máa gé onígun mẹ́rin 5¼ sí mẹ́rin, láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Ègé méjèèjì wá jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, etí bín-íntín ló máa yọ. Ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, búlọ́ọ̀kù á wọ́.

Ọ̀nà kan ló wà láti dá wọn mọ̀. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù mú ní orí méjèèjì, kí ẹ fà á díẹ̀. Ti Sawtooth, ọ̀nà igun dé igun la gbà gé ẹ̀gbẹ́ yẹn, á nà. Ti Ohio Star, fọ́nrán aṣọ lọ tààrà níbẹ̀, kò ní nà. Díẹ̀ ni kí ẹ fà á o, torí èyí tí ẹ bá fà jù ò ní padà sípò mọ́.

Mo ń fà, Màmá jókòó tì mí, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó yá wọ́n gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. “Ó nà.” Wọ́n jù ú sápá kan. “Kò nà.” Wọ́n ju ìyẹn sápá kejì. Ọwọ́ tó ti fi ọjọ́ ayé tẹ ẹja wò, kó mọ ti àárọ̀ yàtọ̀ sí ti àná, aṣọ ò lè tàn án jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yá jù mí lọ, tí wọ́n tún ń bá mi wí: “Ìyá Ìbejì, èyí tó nà lo tún jù sáàárín èyí tí kò nà.” Wọn ò tọrọ àforíjì o. Wọ́n ní ṣé mo wá rí i pé gbogbo bébà tí mo ń gún yẹn, ìnáwó lásán ni.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ pé, àfi onígun mẹ́ta ańkárá pupa kan nínú mẹ́jọ ti Sawtooth. A gbọn ìrọ̀rí tó ti ṣófo, a gbálẹ̀ abẹ́ ibùsùn, Màmá tiẹ̀ la ẹnu àgbébọ̀ wò. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ni. Wọn ò wọlé. Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n na igi gígùn kan sí wa; onígun mẹ́ta pupa wà lórí ṣóńṣó rẹ̀.

“Ẹ gba ẹrù yín. Inú fìlà mi ni mo ti bá a.”

“Àlùbáríkà, Bàbá,” Màmá dá wọn lóhùn láti orí ẹní, wọn ò gbójú kúrò lára èyí tí wọ́n ń fà.

Bàbá ò lọ. Wọ́n na ọrùn wo inú ilé, wọ́n wo òkìtì ìrépé, wọ́n wo ìrọ̀rí mẹ́rin tí a ti tú inú wọn sílẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, nínú gbogbo ohun tí ẹ tú jáde yìí, ẹ ò ṣèèṣì rí owó ilé níbẹ̀?”