Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Nídìí Ìkòkò Aró

Ní ìparí ọdún 2023, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ kiri pé Póòpù Francis ti fọwọ́ sí i kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin nínú ìjọ Àgùdà, ìdí ìkòkò aró ni ẹ̀gbọ́n màmá mi wà lẹ́yìnkùlé wa ní Òṣogbo. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n láti kékeré. "Ìwọ tí o máa ń kàwé, ṣé lóòótọ́ ni?" Ọwọ́ wọn ti dúdú fún ẹ̀lú dé ìgbọ̀nwọ́, wọn kò sì lè fọwọ́ kan Bíbélì, nítorí náà èmi ni mò ń ṣí i fún wọn.

Mo ní kì í ṣe òótọ́. Ìwé tí Vatican gbé jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá gba àlùfáà láyè láti súre fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ láìsí ètò ìsìn kankan, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé ìgbéyàwó ṣì jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà tí ó fi di oṣù Kínní ọdún 2024, àjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ti fèsì pé irú ìsúre bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ilẹ̀ wa. Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ náà ti ọdún 1992, ka ìbálòpọ̀ akọ sí akọ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì pàṣẹ lójú kan náà pé kí a fi ọ̀wọ̀ àti àánú gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà síbẹ̀. A kì í sábà gbọ́ apá kejì yẹn lórí pẹpẹ.

Àbúrò wọn, Àlàájì, dá sí i láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá pé kò sí ẹ̀sìn kan tí ó gbà á. Ní ti Ìsìláàmù, ìtàn Ànábì Lúùtù (Lọ́ọ̀tì inú Bíbélì) kò fi àyè sílẹ̀ lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àáfà. Ìyà tí ó tọ́ sí ẹni tí ó bá ṣe é ni àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé lórí láti ayébáyé: Ímáàmù Abu Hanifa, àgbà onímọ̀ òfin ayé àtijọ́, ní adájọ́ ni yóò pinnu rẹ̀, nígbà tí ìlànà Málíkì tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa le dé orí ikú.

Ìjọ Áńgílíkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti fa aṣọ ya jù lójú tèmi. Lọ́dún 1998, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn láti gbogbo ayé ṣe ìpàdé ńlá tí wọ́n ń pè ní Lambeth, wọ́n sì fohùn sí i pé ìṣe náà tako Ìwé Mímọ́. Lọ́dún 2003, Amẹ́ríkà fi Gene Robinson, tí ó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin ní gbangba, jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé Bíbélì wá bá wa ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa ń pè sí ìrònúpìwàdà báyìí. Àwọn Júù náà pín: àwọn Orthodox, tí wọ́n di òfin àtijọ́ mú, kò gbà, àwọn Reform, tí wọ́n ń tún ẹ̀sìn wọn ṣe bá ayé mu, gbà. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ẹ̀jẹ́ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ka ìbálòpọ̀ gbogbo léèwọ̀, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú obìnrin. Thailand, níbi tí ẹ̀sìn náà ti gbilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 2025.

Ti Ìṣẹ̀ṣe ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ọkùnrin tí òrìṣà ń gùn lè jẹ́ ìyàwó òrìṣà, ẹlẹ́gùn Ṣàngó sì ń dirun bí obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin ilé jẹ́ ọkọ fún àwọn ìyàwó ilé. Kò sí èyí tí ó kan ibùsùn nínú wọn, nítorí náà ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹ̀rí fún ìfẹ́ akọ sí akọ ti ṣi èdè wa gbọ́. Síbẹ̀, ní Brazil, ọ̀pọ̀ ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ibẹ̀, tí wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun ń gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́ra láìfi pa mọ́.

Àlàájì ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà fún un. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin ìjọba ti ọdún 2014 nìyẹn, nínú òfin yẹn, ìgbéyàwó ni ọdún 14 náà sì wà fún.

Kí n tó pa Bíbélì dé, ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí n ka ohun tí ó pa Sódómù run. Ìsíkíẹ́lì orí 16, ẹsẹ 49, ni mo ṣí: ìgbéraga, àjẹyó, àti àìran tálákà lọ́wọ́, ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e ni ó mẹ́nu ba ohun ìríra. Wọ́n yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò, ó jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di aró.

"Àjẹyó kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Tún un kà kí Àlàájì gbọ́."